Orin Íńdíà: Ẹnu Ọ̀tọ̀, Ohùn Ọ̀tọ̀, Ọlọ́rọ̀ Ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi àdúgbò Louis ṣe ilé ní Libreville, ẹ̀yin tí ẹ ń nájà ní Mont-Bouët lọ́sàn-án, tí ẹ sì ń fi tẹlifíṣọ̀n dí aládùúgbò létí lóru, ilé ọtí yí yín ká. Ndombolo ń dún lápá ọ̀tún, coupé-décalé ń fèsì lápá òsì, ẹni tó ti mu Régab yó ń dá sí àárín wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ìyá wa kọjá, fíìmù Íńdíà ló máa gbọ́, ìyá á sì máa bá wọn kọrin náà látòkèdélẹ̀. Ẹ bi ìyá pé kí ni ọkùnrin yẹn ń wí. "Ó ní òun fẹ́ ẹ." Orin kejì ńkọ́? "Ó ṣì fẹ́ ẹ." Ẹ̀kẹta tí ìyá arúgbó ń kọ níwájú òkú ọmọ rẹ̀ ńkọ́? "Ìfẹ́ náà ni."

N ò dá ìyá lẹ́bi. Láti bí ọdún 1950 sókè ni àwọn ará Lẹ́bánónì tó ni ilé sinimá ní Nàìjíríà ti ń kó fíìmù wọ̀nyí wọlé. Bí Mother India ṣe jáde ní 1957, a ò jẹ́ kó sinmi mọ́. Òyìnbó tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù náà, ẹni tó lè kà á ò ráyè, omijé ti bò ó lójú. Ẹni tó ráyè ò lè kà á.

Àmọ́ ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Bí Haruna Ishola tàbí Yusuf Olatunji bá bú ọ lórin, o mọ ilé ẹni tí o máa lọ jà: òun ló ni ẹnu, òun ló ni ohùn, òun ló ni ọ̀rọ̀. Ti Íńdíà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo orin tó bá fíìmù Awaara jórúkọ, ní 1951. Raj Kapoor ló ń la ẹnu. Mukesh ló ni ohùn. Shankar àti Jaikishan ló ṣe orin. Shailendra ló kọ ọ̀rọ̀. Ènìyàn márùn-ún ló péjọ kí ọkùnrin kan ṣoṣo tó lè sọ pé alárìnkiri ni òun!

Nínú àwọn márààrún, ta ni ìyá mọ̀? Ẹni tó ń la ẹnu.

Ẹ sì wá wo àwọn tó ń pèsè ọ̀rọ̀ náà. Wẹ́dà ni Shailendra ní iléeṣẹ́ rélùwéè ní Bombay. Kọ̀ǹdọ́ bọ́ọ̀sì ni Hasrat Jaipuri. Oníṣègùn ìbílẹ̀ ni Majrooh Sultanpuri. Gulzar ń kun ọ̀dà sára mọ́tò tó ti gbá nǹkan. Ẹ kó wọn lọ sí Mushin, dánfó odindi ti pé nìyẹn, pẹ̀lú ẹni tó máa fún èrò lágbo bí wọ́n bá já sí gọ́tà.

Raj Kapoor gbọ́ ewì Shailendra, ó ní òun fẹ́ rà á fún fíìmù rẹ̀. Wẹ́dà fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn: ewì òun kì í ṣe ọjà. Kò pẹ́ tí ìyàwó lóyún, tí owó sì wọ́n nílé, ni ọkùnrin náà bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá. Ó gba 500 rupee, ó sì kọ orin méjì sínú fíìmù Barsaat, tó jáde ní 1949. Mo gbóríyìn fún oyún yẹn, kò sí alágbàtà ewì tó tó o. Nígbà tó yá, Shailendra fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù, Teesri Kasam. Gbèsè ló kó bá a, ó sì kú ní December 14, 1966, ọjọ́ ìbí Raj Kapoor gan-an. Ibí yìí ni ẹ̀fẹ̀ ti há mi lọ́fun.

Sahir Ludhianvi ni kò gba ìyà nínú wọn. Wọ́n ní ó takú pé owó òun gbọ́dọ̀ fi rupee kan ju ti akọrin Lata Mangeshkar lọ. Rupee kan! Ìjà ipò ni, ẹ sì mọ irú ẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ yín, ẹni tó máa ń bèèrè pé ta ló jókòó sórí àga iwájú. Sahir gbé ìjà náà dé All India Radio, títí wọ́n fi ń dárúkọ akéwì mọ́ orin. Ṣùgbọ́n bó ṣe lẹ́nu tó yẹn, ẹ gbọ́ ti Amrita Pritam, òǹkọ̀wé obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé bí Sahir bá wá kí òun, sìgá ni yóò máa fà láìsọ̀rọ̀. Tó bá lọ tán, òun á ṣa kùkùté sìgá náà, òun á máa tún un fà. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sẹ́nu gbogbo Íńdíà, ó dójú ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún, èéfín ló ń tú jáde! Kò gbéyàwó títí ó fi kú ní 1980. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Louis tí ẹ ń fi orin Íńdíà ránṣẹ́ sí ọmọge lórí WhatsApp, ẹ mọ ẹni tí ẹ fi ṣe alárinà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún gan-an tún pani lẹ́rìn-ín. Orin ni wọ́n sábà máa ń ṣe sílẹ̀, kí wọ́n tó pe akéwì kó wá wá ọ̀rọ̀ sí i. Kaifi Azmi, tó jẹ nínú iṣẹ́ náà, máa ń sọ pé sàréè ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbẹ́, kí wọ́n tó máa wá òkú tó máa bá a mu. Àwọn ẹgbẹ́ onílù bàǹdìrì ní Kánò sì tún sọ òkú náà nù, wọ́n gba sàréè: wọ́n mú orin ìfẹ́ Íńdíà, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n fi oríkì Ànábì sí i ní Haúsá. Ó kéré tán, àwọn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń kọ.

Íńdíà gidi ti wá pọ̀ ní Libreville báyìí, láti 2010 tí Gabon ti ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ìtì igi lódindi jáde mọ́, tí wọ́n sì dá àgbègbè iléeṣẹ́ Nkok sílẹ̀, tí àwọn ará Íńdíà ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ń retí ọjọ́ tí ìyá wa máa rí ọ̀kan lọ́jà, tó máa dá orin bolẹ̀ fún un láti fi gba ẹ̀dínwó. Bí ẹni yẹn bá lọ jẹ́ ará Tamil Nadu, Híńdì lè jìnnà sí òun náà bó ṣe jìnnà sí ìyá, Faransé ni wọ́n á padà fi nájà.

Ká padà sọ́dọ̀ àwọn akéwì: ní 2009, orin Jai Ho gba Oscar, Gulzar, akunmọ́tò ọjọ́sí, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n pe orúkọ akéwì lójú gbogbo ayé wàyí. Gulzar ò sì sí níbẹ̀, A. R. Rahman tó ṣe orin ló lọ gba ère. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọmọ Yorùbá ni wọ́n pè. Bọ́ọ̀sì méjì ti gbéra ní Louis lọ sí pápákọ̀ òfurufú Léon-Mba, aṣọ ẹbí ti pé, onígángan ti gba àsansílẹ̀, ẹni tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ Oscar á sì ti máa bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pín ike.