Músíò Ẹ-Fi-Í-Pamọ́

Bí ẹ bá dé ilé oúnjẹ èyíkéyìí nítòsí èbúté Kútọnu lọ́sàn-án Jímọ̀, nígbà tí ìwé ẹrù ti wà lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè, tí kò sí ohun tó kù ju kéèyàn jókòó lọ, ẹ ó rí i. Òun ló ń gbé ife wáìnì pupa sókè sí oòrùn, tó ń yí i bìrì, tó sì ń ti imú bọ̀ ọ́ kí ètè tó débẹ̀. Àwa tí a jọ ń jẹun níbẹ̀ sọ ọ́ ní Músíò Ẹ-Fi-Í-Pamọ́, nítorí wọn kò tíì gbé wáìnì ka iwájú rẹ̀ kó ní ká mu ún lónìí.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé ó ń bá àwọn oníṣòwò gba kọ̀ǹténà jáde. Ìgò tó ń tọ́ wò, oníbàárà ló fi ta á lọ́rẹ. Ó gbé Bordeaux rí nígbà èwe: ọdún kan ni bó bá ń mu ife àkọ́kọ́, ó di mẹ́ta ní ife kejì, márùn-ún ní ìkẹta.

Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé bí etí wáìnì bá ṣì ní àwọ̀ àlùkò, ọmọdé ni. Bó bá dàgbà, yóò máa pọ́n bíi bíríkì. Ó mọ̀ pé táníìnì, ohun tó ń fa ahọ́n pọ̀, láti ara èèpo àti kóró èso àjàrà ló ti ń wá, àti pé òun pẹ̀lú ìkan díẹ̀ ló ń gbé wáìnì dé ọjọ́ ogbó, bí adùn èso bá wà nínú rẹ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ojúlówó wáìnì Médoc, tí Cabernet Sauvignon pọ̀ nínú rẹ̀, fi lè lo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan ṣoṣo ló ní fún gbogbo ìgò. Ẹnìkan gbé Beaujolais Nouveau wá, èyí tí wọ́n máa ń kó jáde ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù kọkànlá, kété lẹ́yìn ìkórè, kí aráyé lè mu ún kíá. Músíò fa afẹ́fẹ́ gba àárín eyín, ó dijú.

“Ẹ fi í pamọ́ fún ọdún mẹ́jọ. Sùúrù ni baba ìwà.”

Robert Parker ni òrìṣà rẹ̀, ará Amẹ́ríkà tó kéde pé wáìnì Bordeaux ti 1982 yóò ga, nígbà tó ṣì wà nínú àgbá, tí àwọn mìíràn ń ṣiyèméjì. Parker kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ẹni tó bá fẹ́ sì lè padà wá bi í. Músíò kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo sọ fún un nípa ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001: wọ́n da aró pupa sínú wáìnì funfun, wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ 54 ní Bordeaux, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe wáìnì pupa sì ni wọ́n fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó mi orí.

“Àbúrò, wọn kò fi í pamọ́ tó ni.”

Wáìnì tí a fẹ́ kó dàgbà ń fẹ́ òkùnkùn, ó ń fẹ́ ìdùbúlẹ̀ kí ìdérí rẹ̀ má baà gbẹ, ó sì ń fẹ́ òtútù digirí 12 sí 14. Orí fíríìjì ní pálọ̀ ni ti Músíò wà, ní òró, orúkọ wọn kọjú sí àlejò. Ooru ti ti ìdérí ọ̀kan sókè, wáìnì sì ti ṣàn sára ìgò.

“Ó ń mí ni,” ni Músíò wí.

Lódìkejì títì, Ìyá ẹlẹ́mu náà ń dájọ́ ọjọ́ iwájú. “Ẹ mu ún kí aago mẹ́rin tó lù,” ni tirẹ̀. Bó bá kan ṣáájú aago mẹ́rin, àwọn awakọ̀ á gbé kẹ́ẹ̀gì padà wá, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un. Ta ni yóò gbé ìgò padà wá bá Músíò lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ẹni tó sọ ọ́ á ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó gbọ́ ọ á ti kó lọ sí Àjàṣẹ́, ẹni tó ni ìgò á ti mu ún níbi ìsọmọlórúkọ. Bí àsọtẹ́lẹ̀ bá ṣe jìnnà sí ni olúwarẹ̀ ṣe ń mọ̀ ọ́n sọ.

Ẹ sì bi í léèrè kọ̀ǹténà tó ti ń jẹ oòrùn ní èbúté láti oṣù tó kọjá. Kì í wo àwọ̀, kì í gbọ́ òórùn: “Ọ̀la ló ń jáde.” Oníbàárà rẹ̀ ń san owó ìdúró lójoojúmọ́, ó sì ti rí i pé nínú gbogbo ohun tí Músíò ń fi pamọ́, owó yẹn nìkan ló ń dàgbà dáadáa.