Ààrò Aláìléèéfín Tí Mo Gbé Lọ Sóde Àna

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí irun ìpéǹpéjú mi tó hù tán, nítorí tó bá ti hù tán, irọ́ ni n óò máa pa nípa rẹ̀.

Ìyá ìyàwó mi pé 70 ọdún, ẹbí sì fẹ́ ṣe ayẹyẹ rẹ̀ nínú ọgbà ilé wọn n'Íbàdàn, nínú oṣù Keje tí òjò kì í sinmi. Màmá ní ikọ́ fée. Nígbà tí a se àsè kẹ́yìn nílé yẹn, èéfín igi gba ojú fèrèsé wọlé bá wọn ní yàrá, ó kù díẹ̀ kó di ti ilé ìwòsàn. Owó gáàsì sì ti kọjá ohun tí ènìyàn fi ń se ìrẹsì fún 300 àlejò. Igi náà la máa fi dáná. Bí ẹbí ṣe ń rò ó síwá sẹ́yìn, ni èmi àna, tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ níṣẹ́, bá dìde, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ èéfín sílẹ̀ fún mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mi ò jó irin rí, mi ò se àsè rí. Ṣùgbọ́n mo ti wo fídíò.

Ohun tí mo rí nínú fídíò náà kì í ṣe irọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé rẹ̀, torí lọ́jọ́ náà kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n ṣàlàyé parí. Bí iná bá kan igi, omi inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde. Tí omi bá tán, tí ooru sì ti kọjá 200 lọ sí 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká di gáàsì. Gáàsì yẹn ló ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Bí kò bá rí ooru tó tó, tàbí tí kò rí atẹ́gùn, kò ní jó. Á gbéra nílẹ̀, á di èéfín. Èéfín tó ń ta wá lójú, ohun ìdáná ni. Owó igi wa ló ń fò lọ sókè láìjó.

Iṣẹ́ ààrò mi ni pé kó dá a padà kó tó sá lọ. Àgbá irin méjì ni, kékeré nínú ńlá, àlàfo bí ìka mẹ́ta wà láàrin wọn. A lu ihò yí ìsàlẹ̀ àgbá ńlá po, a lu òmíràn sí ìdí àgbá kékeré, a tún lu ihò wẹ́wẹ́ sí ọrùn àgbá kékeré yìí, a wá fi irin pa ẹnu àlàfo náà dé lókè. Atẹ́gùn tó bá gba ìsàlẹ̀ wọlé á pín sí méjì. Apá kan á lọ bá igi nídìí. Ìkejì á gba inú àlàfo gòkè, ara àgbá inú á mú un gbóná, á wá tú jáde láti ihò ọrùn. Ibẹ̀ ló ti máa pàdé èéfín tó ń bọ̀ lókè. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, èéfín á gbiná. Ẹ óò rí i tí ọwọ́ iná á máa yọ lára àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ óò ní gáàsì la tàn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dán an wò, mo pe àwọn ọmọ mi jáde kí wọ́n wá wo bàbá wọn.

Igi gbígbẹ ni mo fi dán an wò. Mi ò sì gbé ìkòkò ka orí rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Wẹ́dà tó bá mi jó o mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní lo irin tí wọ́n fi síńkì bò, torí bó bá gbóná, èéfín rẹ̀ máa ń dá ibà síni lára. Ó ní mílíìkì làwọn fi ń wẹ̀ ẹ́ kúrò nínú. Ti mílíìkì yẹn ò dá mi lójú, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ nípa síńkì. Òun náà ló ní kí n kọ́kọ́ dáná ńlá sínú àgbá náà ní gbangba kí ọ̀dà ara rẹ̀ jó tán kó tó kan oúnjẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó tọ́ nìyẹn.

Ó wá ku igi. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ti gbẹ. Ó gbẹ lóòótọ́, lókè ìdì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀, omi ṣì ń sun lójú ibi tí wọ́n gé wọn. Igi tútù lè jẹ́ pé omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì ìwúwo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi tó bá máa jó dáadáa, omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Iná tó yẹ kó máa jó gáàsì á máa se omi ni, kò sì ní gbóná tó láé. Lọ́jọ́ òde, màmá alásè mú igi méjì nínú ìdì mi, wọ́n fi wọ́n lu ara wọn. Igi gbígbẹ á dún kọ́. Tiwa dún bùkẹ̀.

"Injiníà," ni wọ́n wí, "igi yìí ò ì jẹ́ igi."

Mo ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ̀rọ yìí kì í kọ igi."

Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n wo àgbá náà. Wọ́n ní, "Ó dáa o."

Mo to igi kún un títí tó fi bo àwọn ihò ọrùn, mo tàn án, ó mú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé ìkòkò ìrẹsì kà á. Ìkòkò náà fẹ̀ ju ẹnu àgbá lọ, ó sì dé e pinpin. Mo tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò kó má ba à mì.

Ní bí ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sí èéfín kankan. Mo búra fún yín. Àwọn àlejò ti ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà, gbogbo wọn nínú léèsì aláwọ̀ ọsàn tí ẹbí dá. Alága ìjókòó gba máíkì, ó ní kí gbogbo ayé bá òun kí àna ilé yìí, akọni tó lé èéfín kúrò nílẹ̀ Ìbàdàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo ju ọwọ́ sí wọn. Àǹtí ìyàwó mi àgbà, tí kò tíì fẹ́ràn mi láti ọjọ́ ìmọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ní kí wọ́n gbé ọtí fún mi.

Ibi tí èéfín ì bá gbà jáde, ìrẹsì ni mo fi dí i. Èéfín ò sì ní kú sínú nítorí pé mo jẹ́ àna. Nígbà tí kò rí ọ̀nà lókè, ó yí padà, ó gba ihò ìsàlẹ̀ tó yẹ kí atẹ́gùn máa gbà wọlé. Èéfín tó ń lọ sókè, ènìyàn lè bẹ Ọlọ́run kó bá wa gbé e lọ. Èyí ń rìn nílẹ̀ ni. Ó funfun, ó nípọn, ó ti tutù díẹ̀, ilẹ̀ sì rin fún òjò àná. Ó rọra ń rá lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó gba abẹ́ tábìlì, ó gba abẹ́ àga, ó wọ abẹ́ ìró àwọn ìyá ìjọ. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́, ojú wọn dì. Ẹnì kan kọ́kọ́ wúkọ́. Pásítọ̀ la ojú, wọ́n rí i pé ìkùukùu ti bo ẹsẹ̀ gbogbo wa dé orúnkún, ohùn wọn bá ga sókè. Wọ́n rò pé àdúrà ti ń gbà.

Nígbà tó dé imú, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà.

Àga ń ṣubú. Wọ́n gbé Màmá sáré lọ sílé aládùúgbò, Màmá tó jẹ́ pé tìtorí wọn ni gbogbo rẹ̀. Èmi wá sáré mú abẹ̀bẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń fẹ́ iná nídìí. Ṣé ẹ rí i, mo rò pé atẹ́gùn ló kù fún un. Ó ń gba tèmi wọlé ní ihò kan, ó ń ti èéfín jáde sí mi lójú ní ihò kejì. Màmá alásè ń pariwo pé, "Ẹ gbé ìkòkò kúrò!" Èmi náà ń pariwo padà pé kí wọ́n má gbé e, ooru á sá lọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ ìṣirò.

Nígbà tí ojú mi ò ríran mọ́, mo gbà. Mo ní káwọn ọmọkùnrin yẹn gbé e, èmi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹnu àgbá kí n lè wo ohun tó ń ṣe é.

Gáàsì igi ló kún inú àgbá yẹn fọ́fọ́. Ó ti gbóná dáadáa, ẹ̀ṣẹ́-iná sì wà nísàlẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ni kò ní. Bí ìkòkò ṣe kúrò lórí rẹ̀, atẹ́gùn wọlé. Ó dún gbì! Iná tó jáde lẹ́ẹ̀kan yẹn ga jù mí lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ni mo mọ ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀. Kí n tó fà sẹ́yìn, irun ìpéǹpéjú ọ̀tún ti lọ, ìdajì irùngbọ̀n ti bá a lọ, òórùn rẹ̀ sì ti gba inú èéfín jáde lọ́tọ̀. Fìlà mi ń jó wúrúwúrú lórí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń dáná gbé ohun tó sún mọ́ ọn jù, ó dà á lé mi. Omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì ni. Ó funfun, ó ń fà, ó gba orí dé inú agbádá léèsì.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ni onílù bá sún mọ́ mi, ó fi gángan kọ́ apá, ó ń fi ìlù wí pé mo wá dána nílé yìí lọ́jọ́sí, kò tó mi, mo tún padà wá dáná. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ìlù ló wó lulẹ̀. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín; mo rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fídíò ò fi ìgbà kan sọ ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn ò bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú ni ohun tí mo gbọ́ nígbà tí mo ń nu ojú mi. Àwọn àlejò ń sunkún gèlè, wọ́n ń sunkún léèsì tó ti ń rùn. Ẹnì kan ní èéfín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn fẹ́ pa òun. Ìyá mẹ́ta wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀ tí wọ́n ti ń dín ẹran lórí ààrò olókùúta mẹ́ta láti ìdájí, ojú wọn pọ́n, ọ̀kan nínú wọn ń wúkọ́ látàárọ̀, ikọ́ tó ti ń wú bọ̀ láti òde dé òde. Ta ló gba máíkì fún wọn? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020. Tí a bá sọ ọ́, wọ́n á ní ṣebí bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wa ṣe ń dáná. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè bí ojú wọn ti ṣe rí báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ ọ̀rọ̀ àfi tó bá kan aṣọ ẹbí.

Ẹ foríjì mí. Mo padà sórí ìyà mi.

Màmá alásè ni wọ́n tún un ṣe. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kó igi tútù mi jáde, wọ́n ní kí wọ́n já igi tó wà nínú ọkọ̀ wọn, torí wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé igi onígi lásìkò òjò. Wọ́n là á wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó kó má dé ibi ihò ọrùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá irin mẹ́ta, wọ́n gbé wọn ka ẹnu àgbá, wọ́n wá gbé ìkòkò lé wọn, tí ààyè bí ìka mẹ́rin fi ṣẹ́ kù lábẹ́ ìkòkò yí po. Iná yọ lára àwọn ihò wẹ́wẹ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èéfín pòórá. Mo wò yíká bóyá ẹnì kan ń wò ó. Kò sí.

Mo padà lọ kà nípa rẹ̀ nígbà tó yá. Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ààrò tí wọ́n ń pè ní rocket stove ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ti sọ ọ́ pé ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibi tó ń gbà kọjá, àti ibi tó ń gbà jáde lábẹ́ ìkòkò, kí wọ́n má fún ju ara wọn lọ. Òkúta mẹ́ta ìdí ààrò àwọn ìyá wa ń fún iná láàyè yẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Èmi ni mo fi owó wẹ́dà dí i.

Ìrẹsì jinná, wọ́n gbé e káàkiri, ẹ sì gbọ́ ohun tí àwọn tó fẹ́ kú lẹ́ẹ̀kan ń sọ: wọ́n ní ìrẹsì yìí ò dùn tó ti òde, wọ́n ní kò ní òórùn igi. Àǹtí àgbà gba ọtí wọn padà lọ́wọ́ mi.

Màmá alásè gbé àgbá náà lọ, wọ́n ní àwọn gbà á dípò owó ìkòkò tí ìdí rẹ̀ bàjẹ́. Mo rò pé ó ti tán. Wọ́n pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n ní ẹ̀rọ yẹn ò jẹ igi rárá, káwọn tún rí méjì sí i. "Ṣùgbọ́n Injiníà, àwọn ihò ọrùn yẹn, ẹ bá wa dí díẹ̀ níbẹ̀, kí ìrẹsì ó rí èéfín jẹ." Mo ní n óò pè wọ́n padà.