Bí Mo Ṣe Sọ Ọmọ Ọba Di Opó

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí bàbá onílé mi ní Ọgbà pè mí wá jẹun, tí mo jókòó sí pálọ̀ wọn tí òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ń ti ẹ̀yìnkùlé wá kí mi, n kò rántí òwe náà rárá. Àwòrán obìnrin kan wà lára ògiri, ẹ̀dà títẹ̀, irú èyí tí ó ti kún pálọ̀ ilẹ̀ wa tipẹ́.

“Tíṣà,” ni bàbá wí, “kí lẹ rí lójú obìnrin yìí?”

Ebi ń pa mí, mo sì fẹ́ràn kí a máa pè mí ní Tíṣà. Mo ní opó ni. Mo ní gèlè orí rẹ̀, ti ọ̀fọ̀ ni. Mo ní ọrùn gígùn yẹn, ibojì ọkọ ni ó nà án sí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sì dá mi lẹ́kun, mo fi kún un pé ikú ọkọ náà kò jọ ohun tí ó dùn ún púpọ̀.

Ilé pa lọ́lọ́. Àṣé nítorí pé obìnrin náà jọ ìyàwó wọn ni bàbá ṣe ra àwòrán náà!

Ọmọbìnrin wọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ló là mí lójú. Adétutù Adémilúyì ni, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni tí ó ti wàjà, ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé níbi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ben Enwonwu, ọmọ Ìgbò láti Onitsha, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ló kùn ún ní 1973, nígbà tí ọgbẹ́ ogun abẹ́lé Nàìjíríà tí ó parí ní 1970 kò tíì jinná, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kà á sí àwòrán ìlàjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kun obìnrin náà. Ọ̀kan tí wọ́n rí nínú ilé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní 2018, iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn.

Lójú tèmi báyìí, iyì ọmọ ọba ló wà lójú yẹn, kì í ṣe ọ̀fọ̀. Àmọ́ ta ní fẹ́ gbọ́ tẹnu mi mọ́? Màmá ti gbé ọbẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti ti ìlẹ̀kùn.

Owó ilé mi yóò pé lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ màmá náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.