Nígbà Tí A Wà Lórí Omi

Níbi ìkómọjáde kan ní Peckham lọ́jọ́sí, ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri béèrè lọ́wọ́ àwa tí a jókòó sí tábìlì kan bóyá a fẹ́ omi. Ọ̀rọ̀ ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí mo fi wo ojú Ìyá Ìbejì, tí Ìyá Ìbejì náà sì wo ojú mi. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àǹtí ti gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ti tún gèlè ṣe, ó ti mí kanlẹ̀.

“Omi,” ni ó wí. “Ẹ ò tíì rí omi. Nígbà tí a wà lórí omi…”

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni a lọ. Alẹ́ méjìlá la lò lórí òkun. Ìròyìn rẹ̀ ti gbà tó oṣù mẹ́jọ báyìí, ọkọ̀ ọ̀hún ò sì tíì gúnlẹ̀.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, á wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín; bí ẹ ò bá sì rí i níbì kankan, ẹ yára lọ wo dígí. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì alẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó ti tọ́ ọmọ mẹ́ta yanjú, ó sì ti kọ́ ilé kan sílé tí àbúrò rẹ̀ ń gbé láìsan kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò tọ́ sí i kó sinmi. Ìsinmi rẹ̀ ọ̀hún gan-an ni kò jẹ́ kí àwa yòókù sinmi. (Ẹ má bínú pé “ó” ni mò ń pè é nínú ìwé. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni, orúnkún mi a sì kanlẹ̀.)

Bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó bá ní àwọn ń ṣe kúrúùsì lóde òní, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Kúrúùsì ti Àǹtí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ọkọ̀ ojú omi gidi ni, tó ga bí ilé alájà púpọ̀, tó ní ilé sinimá àti odò ìlúwẹ̀ẹ́ lórí òkun, bí ẹni pé omi tó wà nísàlẹ̀ kò tó.

Kí n tó máa bá a lọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní abanijẹ́. Àǹtí kì í purọ́. Díákónẹ́ẹ̀sì ni. Gbogbo ohun tó ń sọ nípa kúrúùsì yìí ló ṣẹlẹ̀, mo sì lè búra, torí èmi àti ẹ̀ ni a jọ sùn ní yàrá kan náà. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ó máa ń bu òótọ́ bí ẹni ń bu ẹja: á gbé ẹran sí yín láwo, á fi egungun pamọ́ sábẹ́ ọwọ́.

Ẹ gbọ́ ti yàrá náà. “Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo ta kọ́tìnnì báyìí. Kí ni mo rí? Arẹwà!” Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Yàrá tí a gbà kò ní fèrèsé. Inú ikùn ọkọ̀ ló wà, irú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti paná, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Àwọn tó ṣe é fi kọ́tìnnì bo dígí ńlá kan lára ògiri kí àyà má baà há ènìyàn. Àǹtí ta kọ́tìnnì, ó rí ara rẹ̀.

Tàbí ìdí tí a fi lọ ní oṣù kẹwàá. “Ìgbà tí igi ń wọ́wé ni àwọn tó mọ ìrìn-àjò máa ń lọ. Oòrùn ò ní jó yín, ọmọ wẹ́wẹ́ ò sì ní pariwo sí yín létí.” Ọmọ wẹ́wẹ́ ò sí lóòótọ́, torí wọ́n ti wọlé ẹ̀kọ́, ohun tó sì mú owó ọkọ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ, ọwọ́ ò lè tó o. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àwa mẹ́fà ń dá lóṣooṣù, àjọ olóṣù mẹ́wàá. Àjọ ló yan oṣù kẹwàá, kì í ṣe igi. Ìyá Ìbejì tilẹ̀ fẹ́ kí a wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Jamaica, ṣùgbọ́n ìgbà ìjì ńlá ni lọ́hùn-ún láti oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá, Àǹtí sì ní ìjì kì í ṣe ìpín òun. Ẹ mú “ìpín” yẹn dání.

Southampton la ti wọkọ̀. Níbẹ̀ náà ni Titanic ti gbéra ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1912, ṣùgbọ́n Àǹtí ti ṣòfin láti inú bọ́ọ̀sì pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkọ̀ náà, òun á padà sílé. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, wọ́n rí irin rẹ̀, èyí tí à ń kì bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi se omi ìwẹ̀. Wọ́n ní iná lè ti ara rẹ̀ ṣẹ́ yọ. Wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n gbé e pamọ́ di ọjọ́ tí a máa sọ̀ kalẹ̀. Gàrí àti ata gígún kọjá ní tiwọn láìsí wàhálà. “Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ló bá mi tọ́jú ẹrù mi,” ni ó ń sọ fún àwọn ènìyàn báyìí.

Òfin sì wà pé kí èrò kọ́ ohun tí wọ́n máa ṣe bí ewu bá dé: ibi tí wọ́n á ti péjọ, bí wọ́n ṣe máa wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Ọdún 1914 ni àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ààbò ẹ̀mí lójú òkun, nítorí ọkọ̀ tí Àǹtí ò fẹ́ ká dárúkọ. Nígbà tí Costa Concordia forí sọ àpáta létí erékùṣù Giglio ní Ítálì ní oṣù kìíní ọdún 2012, tí ènìyàn 32 bá a lọ, wọ́n tún mú òfin náà le: kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí bó bá ṣe ń gbéra gẹ́lẹ́, èrò gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ. Àǹtí ní òun ò lọ. Ẹ̀kọ́ rírì kì í ṣe ìpín òun. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ ṣinṣín. Wọ́n pè é lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin òyìnbó tó ń pè é ti ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ lórí orúkọ bàbá rẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn lókùnkùn. Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá kékeré kan wá kan ilẹ̀kùn, ó sì mú un lọ.

Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: “Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n ń wá mi kiri. Kò síbi tí wọn ò ti pe orúkọ mi nínú ọkọ̀ yẹn. Ọ̀gá kan ló wá mú mi ní yàrá!” Ẹ bá mi wá ibi tí irọ́ wà níbẹ̀.

Alẹ́ tí wọ́n ní kí oníkálukú múra bí ẹni ń re òde ńlá ni ìtàn rẹ̀ gùn jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Láti oṣù karùn-ún la ti ra aṣọ ẹbí. Ènìyàn mẹ́fà, gèlè mẹ́fà. Ti Àǹtí fẹ̀ débi pé ó ní láti fẹ̀gbẹ́ wọ líìfùtì. Bí a ṣe já sí gbọ̀ngàn, àwọn òyìnbó arúgbó tó ń mu wáìnì gbé fóònù sókè. Obìnrin kan láti Yorkshire sún mọ́ ọn tìtìjú-tìtìjú, ó béèrè bóyá ọmọ ọba ni. Àǹtí kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ẹ fi Yorùbá kan hàn mí tí kì í ṣe ọmọ ọba níbì kan. Láti ọjọ́ náà lọ, obìnrin yẹn ń ya fún un níbi tí a ti ń tò gba ẹyin láàárọ̀.

Káputéènì wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó ń bá èrò ya fọ́tò. Ìlà náà gùn dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aago ọwọ́. Ogójì ìṣẹ́jú la fi tò. Ó bọ Àǹtí lọ́wọ́, ó ní “Ẹ káalẹ́, Màdáàmù,” ó bọ ẹni tó kàn lọ́wọ́. Fọ́tò náà wà ní pálọ̀ Àǹtí báyìí, lókè tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ti ìgbéyàwó rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Bàbá Kúnlé, pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó lọ́rùn, ti ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ n fò ó. (“Mo dìídì fẹ́ sinmi lọ́wọ́ fóònù.” Owó rẹ̀ lórí omi ló dìídì wọ́n.)

Tenerife wá ńkọ́? “Nígbà tí à ń padà sínú ọkọ̀, àwọn èrò dìde dúró lókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkọ̀ a máa dúró de àwọn tó bá bá a ṣe ètò ìgbafẹ́. Ẹni tó bá dá rìn, tó sì pẹ́, á máa wo ìdí ọkọ̀ láti èbúté ni. Owó ètò wọn ti pọ̀ jù lójú wa, a dá rìn, Àǹtí sì rí ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà ní ìdajì owó. Ìgbà tí a yọ sí èbúté, àkókò tí wọ́n dá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àǹtí kó bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó fi ìbọ̀sẹ̀ sáré, Ìyá Ìbejì ń tì í lẹ́yìn. Àwọn tí kò níṣẹ́ kan lókè ju kí wọ́n máa wo irú wa bẹ́ẹ̀ lọ ń súfèé, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú.

Mo gbà pé kì í ṣe egungun nìkan ló ń fi pamọ́. Ní Lisbon, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń mú wa rìn gbọ́ pé ará Èkó ni wá. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìlú kan wà ní gúúsù Pọ́túgàl tó ń jẹ́ Lagos bíi ti wa, àti pé lẹ́nu àwọn Pọ́túgí ni a ti rí orúkọ náà gbà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá fi kún un pé ní Lagos yẹn, ní ọdún 1444, wọ́n já àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ látinú ọkọ̀, wọ́n sì pín wọn ní gbangba. Inú bọ́ọ̀sì pa lọ́lọ́. Mo rò pé Àǹtí ò gbọ́, torí ohun tó béèrè tẹ̀ lé e ni ibi tí wọ́n ti ń ta àlẹ̀mọ́ ara fíríìjì. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jẹun. Ó ní ikùn òun kún. Nínú ìròyìn rẹ̀, ohun tó kù nípa Lisbon ni pé wọ́n mọ Èkó dáadáa níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọkùnrin ará Philippines tó ń tọ́jú yàrá wa. Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ pé ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì ká erin àti ọ̀bọ sórí bẹ́ẹ̀dì fún wa. Àǹtí ti kọ́ ọ, ẹ wọ ilé ìwẹ̀ rẹ̀, ẹ ó bá erin. Ẹni kan ò tíì gbọ́ pé láràárọ̀, kí ọmọ náà tó dé, Àǹtí ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, ó ti nu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti fi ọgbọ̀n ọdún nu ìdọ̀tí ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ní Las Palmas, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di oníròyìn. Ọdún 1962 ni bàbá mi wọ Aureol ní Àpápá, ọkọ̀ funfun Elder Dempster tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Liverpool sí Èkó ní 1951. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn náà ń gbà, Las Palmas sì wà lára ibi tó ń yà. Àpótí irin kan, kóòtù àyálò, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ kan. Títí ó fi kú, gbólóhùn kan péré ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa rẹ̀: “Otútù mú wa.” Mo dúró létí omi, mò ń wò ó pé níbo gan-an ni ó lè ti dúró. Àǹtí rọra fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo ti fẹ́ máa sunkún. Ó ní kí n sún díẹ̀, mo ti dí fọ́tò òun.

A ti tún bẹ̀rẹ̀ àjọ fún oṣù kẹwàá tó ń bọ̀. Mo ti dá ti oṣù mẹ́ta.

Ó ku Biscay. Láàárín ìwọ̀ oòrùn Faransé àti àríwá Sípéènì ni, ibi tí ìgbì láti Àtìláńtíìkì ti ń kúrò lórí ibú bọ́ sórí ilẹ̀ tó ga lójijì, tó sì ń ru gùdù. Àǹtí ti jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà méjì. “Ọkọ̀ ń mì! Omi ń ru! Ṣùgbọ́n èmi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni mo sì ń ké pè!” Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ ní kí wọ́n tún fi ìyìn fún Ọlọ́run.

Mo wà níbẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lóòótọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá tọ́ìlẹ́ẹ̀tì mọ́ra. Orúkọ kan ṣoṣo náà ló sì ń pè títí ilẹ̀ fi mọ́. Olókun ni.