Ẹnjiníà Inú Pálọ̀

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì ní Nyanya, l'Abuja, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ẹ la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Karu àti Jikwoyi kọjá, tí ẹ fi Kurudu sẹ́yìn, kí ẹ tó sọ̀ ní Orozo ẹ ó ti rí i. Káàdì iṣẹ́ ìjọba ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ ń bá kọ̀ńdọ́ fa ọ̀rọ̀ ṣéńjì. Òun dorí kodò sórí fóònù, ó ń fi ìka méjì fẹ àwòrán kan lójú. Ẹ lè rò pé àwòrán ọmọ tuntun ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Rárá o. Transistor ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín sí i láti Nyanya.

Ẹnjiníà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìwé ìṣirò owó ni ó kà ní yunifásítì, fáìlì ni ó sì ń gbé láti tábìlì kan dé èkejì ní Federal Secretariat, ṣùgbọ́n oyè tí ará àdúgbò bá fúnni kì í wo sátífíkéètì. Tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀ ti dojú bolẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ní òun fẹ́ tún un ṣe. Tábìlì ìjẹun ti di ti resistor, capacitor, wáyà àti lẹ́ẹ̀dì. Orí ẹní ni àwọn ọmọ ti ń jẹun. Bí àlejò bá fẹ́ jókòó, ìyàwó rẹ̀ á kọ́kọ́ fọwọ́ gbá ojú àga dáadáa, nítorí díákónì kan ti jókòó lé LED rí, ó sì dìde kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ ni wọ́n fi ń kọ iye ohms sára resistor, Ẹnjiníà sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Níbi ìnáwó, bí obìnrin kan bá wọ bùbá ìyeyè, tó ró ìró elésèé àlùkò, tó we gèlè pupa, 4,700 ohms ni yóò kà lára rẹ̀. Bí ìyẹn bá tún fi góòlù sọ́rùn, á ní àṣìṣe ibẹ̀ kò lè ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rajà gan-an ni kí ẹ wá wò. Ẹyọ resistor kan ni ó nílò. Ẹyọ kan. Wọ́n ní kí ó lọ wò ó ní Emab tàbí Banex ní Wuse 2, ó ní fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Ó pe ọmọ Alaba kan ní Èkó. Ìyẹn ní òun kò tilẹ̀ ní gbowó ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó ṣáà san owó waybill láti Jibowu, kí ó sì lọ gbé e fúnra rẹ̀ ní pákì Utako. Owó waybill náà tó ra odindi rédíò alòkù. Inú bí Ẹnjiníà. Kì í ṣe òun ni wọ́n máa rẹ́ jẹ! Ó kọrí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di Shenzhen ní Ṣáínà, ìlú tí ọjà Huaqiangbei wà. Níbẹ̀, ẹni tó rí i tà fún un kò tà á lẹ́yọ, ọgọ́rùn-ún ni ó dì pọ̀. Ọgọ́rùn-ún náà kò tó dọ́là kan. Owó gbígbé rẹ̀ wálé ló fi ìlọ́po mélòó kan ju owó ọjà lọ.

Ibí yìí ni ìwé ìṣirò owó tó kà ti wá wúlò. Kí ló dé tí èèyàn á fi san owó ọkọ̀ ńlá lórí ẹrù tín-ń-tín? Ó fi capacitor kún un. Ó fi LED aláwọ̀ márùn-ún kún un. Ó wá rí i pé bí owó ọjà bá ti dé ibì kan, ọ̀fẹ́ ni wọn ó gbé e wá, ó sì ku dọ́là mẹ́ta kí tirẹ̀ débẹ̀. Ó bá ra ẹ̀rọ tó ń ka ìgbóná afẹ́fẹ́, bí ẹni pé ooru Orozo lóṣù kẹta nílò ẹlẹ́rìí. Nígbà tó fi máa tẹ ibi ìsanwó, ọkùnrin tó fẹ́ ra ọjà tí kò tó owó pọfupọ́ọ̀fù kan ti ná owó àpò sìmẹ́ńtì, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn pé òun jèrè owó ọkọ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ṣí ẹnu, á ní, “Ìyá Ìbejì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e wá o.” Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nílé Ẹnjiníà, imú ti kọjá pálọ̀, ó ti wọ yàrá, kíṣìn ló kàn.

Lọ́dún 2022 tí dọ́là di ọ̀wọ́n, ọ̀pọ̀ báńkì wa dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù. Oníṣòwò gidi sunkún. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ ṣètò: oṣù kan fún resistor, oṣù kan fún capacitor, lóṣù kẹta ó lọ yá káàdì àbúrò ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó ohun tó ti kó sínú apẹ̀rẹ̀ ọjà fò sókè mọ́ ọn lójú. Kò rà á, kò sì yọ ọ́ kúrò. Àràárọ̀ ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹrù bá ti kúrò ní Shenzhen, ẹ má retí kí ó gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ mọ́. Ó ní nọ́ńbà tó fi ń tọpa rẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni àwọn ìbejì wà, á ní kí ẹ bi ìyá wọn. Bí ẹ bá bi í pé níbo ni resistor wà, á dárúkọ pápákọ̀ òfuurufú tó sùn sí lánàá. Ìyókù di ọwọ́ ọlọ́kadà tí wọ́n gbé e fún, àti ti Orozo fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà á máa júwe ọ̀nà fún un lórí fóònù: “Ṣé o ti rí ilé epo? Ó dáa, kọjá rẹ̀. Wàá rí ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Má yà níbẹ̀.” Ọlọ́kadà á ní òun ti dé, ọ̀nà Karshi ni yóò sì wà.

Kí wá ni gbogbo rẹ̀ wà fún? Táńkì omi ni. Ilé Ẹnjiníà ní kànga ẹlẹ́rọ. Bí iná AEDC bá dé, pọ́ǹpù á máa fa omi sókè, bí ẹnikẹ́ni ò bá sì rántí pa á, táńkì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi á ya lu ọgbà aládùúgbò. Púlọ́ńbà tó wà létí títì ń ta float switch, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó nínú omi tó sì máa ń pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Kò ní pẹ́ tó fi máa dè é. Ẹnjiníà wo bọ́ọ̀lù náà lókè wo ó nílẹ̀, ó ní kò ní ọpọlọ. Arduino ni yóò jẹ́ ọpọlọ tirẹ̀, pátákó kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì lọ́dún 2005, tí àwọn tó ṣe é fi orúkọ ilé ọtí kan tí wọ́n máa ń lọ sọ ọ́. (Ẹnjiníà kì í fẹnu kan ọtí, òun sì ni akápò ìjọ, kì í sọ ìtàn náà débẹ̀.) Ojú tí yóò máa wo omi ni HC-SR04, tó ń ké igbe tí etí èèyàn ò gbọ́, tó sì ń fi ìró tó bá padà mọ bí omi ṣe jìnnà sí i tó, bí àdán ṣe ń ṣe lóru. Lórí tábìlì, ó ṣiṣẹ́ débi pé àwọn ìbejì pàtẹ́wọ́. Nínú táńkì, ọ̀rinrin pa á kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, nítorí wọn ò ṣe é fún ibi tó tutù. Èyí tí omi kì í wọ̀ ń bẹ, JSN-SR04T ni orúkọ rẹ̀. Ẹyọ kan ni ó nílò.

Ó ti padà sí Shenzhen. Aládùúgbò ti gbin ẹ̀fọ́ síbi tí omi ń ya sí.

Ẹ má fi í ṣẹ̀sín o, torí yóò fi Ronald Stordahl dá yín lóhùn, ará Amẹ́ríkà tó dá Digi-Key, ilé-iṣẹ́ tó ń ta irú ẹ̀yà ẹ̀rọ wọ̀nyí, sílẹ̀ ní Thief River Falls, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, lọ́dún 1972. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tà fún àwọn tó ń fi rédíò ṣe eré ìgbafẹ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀, kárí ayé ni ilé-iṣẹ́ náà sì ń tajà dé lónìí. “Bí gbogbo wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” ni Ẹnjiníà máa wí. Ohun tí kì í fi kún un ni pé Stordahl tà tirẹ̀.

Kí n má pa irọ́ mọ́ ọn, ọjọ́ ń bẹ tó wúlò. Nígbà tí gbogbo àdúgbò ń ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì 18650 tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára, òun nìkan ló ní irọ́ ni, pé kò sí ẹni tó tíì rí ìdajì ìyẹn kó sínú bátìrì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 65. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ó kàn jẹ́ pé ibi ìkómọ ló ti sọ ọ́, wọn ò sì tíì sọ ọmọ lórúkọ.

Atúnrédíòṣe tó wà nítòsí ọjà kò ra nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ọwọ́ àwọn Baban bola tó ń ti ọmọlanke kó kọ́ńdẹ̀m̀ kiri ló ti ń rà: rédíò tó ti kú, tẹlifíṣọ̀n tó fọ́ lójú, inverter tó jóná. Á tú u palẹ̀, á fi áyọ́ọ̀nù yọ ohun tó ṣì yè nínú rẹ̀, á jó o mọ́ ẹ̀rọ oníbàárà, owó á sì wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnjiníà máa ń yínmú sí i. Ó ní iṣẹ́ ọ̀bàyéjẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n òkú rédíò kì í fìgbà gbogbo ní ohun tí à ń wá. Lọ́jọ́ tí kò bá ní i, atúnrédíòṣe á wá kan ilẹ̀kùn Ẹnjiníà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.

“Ẹ kú ìsinmi o, Ẹnjiníà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní 4k7 nílé?”

Ṣé ó ní i! Ẹnjiníà á fa dúrọ́ọ̀, á mú àpò ọ̀rá kan jáde: ọgọ́rùn-ún resistor lórí ìlà, ìyeyè, elésèé àlùkò, pupa, téèpù tí wọ́n fi dì wọ́n ní Shenzhen kò tíì já. Á gbé e síwájú rẹ̀ tìyìn-tìyìn.

“Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́.”

“Ẹyọ kan?” Ẹnjiníà á rọra fa ọ̀rá náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. “Wọn kì í já a lẹ́yọ o. Tí ẹ bá máa ra ọgọ́rùn-ún, ẹ jókòó ká sọ̀rọ̀.”