Ìjàpá, Akọ̀wé Ìgbìmọ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Ìjàpá ọkọ Yánníbo ló balẹ̀ sí, òun àti owó tí Lékeléke fẹ́ fi rán ọmọ ẹranko kan lọ sí yunifásítì.

Ẹ̀yìn òkè Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí nígbà ogun Kírìjì. Àwọn baba ńlá àwọn ẹranko yìí ló sá wọ inú àpáta nígbà tí ìbọn ń dún, wọn ò sì yọjú títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ẹ má rò pé ìjà tán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí míṣọ̀n kan gbé owó ilé ìwé ọmọ kan ṣoṣo kalẹ̀ láàárín òbí ogójì ná, ẹ ó rí ogun.

Lékeléke aláṣọ funfun ti òkèèrè dé, ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ́ ilé ìwé. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, ó ní míṣọ̀n òun yóò máa rán ọmọ kan lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ tó mọ̀wé tí òbí rẹ̀ kò sì lówó. Ó ní kí àwọn ẹranko fúnra wọn yàn án. Ìyẹn dára. Ó wá béèrè ẹni tó mọ ìwé kọ jù láàárín wọn, kó jẹ́ akọ̀wé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́.

Ẹfọ̀n di alága ìgbìmọ̀, Ìgbín di akápò, Ìjàpá di akọ̀wé àti ògbufọ̀. Òfin ní kí wọ́n ka ìkéde owó ilé ìwé náà sókè. Ìjàpá kà á sókè ketekete, ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, nínú yàrá tí àlùfáà ti ń wọṣọ, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ nìkan ló gbọ́. Kò sí èyí tí kò ní ọmọ nílé nínú wọn.

Òkété, opó tó ń ta èkùrọ́ ní ìsàlẹ̀ òkè, gbọ́ nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la. Ọmọbìnrin rẹ̀ sáré lọ gba fọ́ọ̀mù. Orúkọ bàbá. Iye tí bàbá dá níbi Ìkórè. Àga tí bàbá ń jókòó lé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Òkété yí fọ́ọ̀mù síwá sẹ́yìn, kò rí ibi tí wọ́n ti béèrè ìṣirò.

Wọ́n ṣe ìdánwò ṣá. Ọmọ Òkété gba 84, ọmọ Ẹfọ̀n gba 41, ọmọ Ìjàpá gba 17. Ìjàpá wúkọ́. Ó ní máàkì nìkan kò tó, ẹ jẹ́ ká wo ìwà. Wọ́n wo ìwà: ọmọ Òkété kò mú ohun olóhun rí, ọmọ Ìjàpá sì ti wọ oko oníṣu lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjàpá ní ìwà náà kò tó. “Ẹ jẹ́ ká ro ti míṣọ̀n. Owó ilé gbígbé ń ga sí i. Ọmọ tó bá ru ilé tirẹ̀ sẹ́yìn ni ká rán lọ.”

Ìgbín, tí kò yára sí ohunkóhun láyé rẹ̀, ló kọ́kọ́ na ìwo sókè pé òun fara mọ́ ọn, torí ọmọ tirẹ̀ náà ru ilé. Wọ́n ṣèlérí fún Ẹfọ̀n pé ìwo ni wọn yóò wò lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n tú ká.

Ní ọjọ́ Ìkórè, ọmọ Òkété bọ́ sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó figbe orin ta:

Mo ṣèdánwò, mo gba mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
*Ẹ wọ̀n ọ́n wò, kíndìn!*
Bàbá mi kò sí láyé, kò lága níwájú,
*Ẹ wọ̀n ọ́n wò, kíndìn!*
Èkùrọ́ nìyá mi ń pa, kò dá ṣílè níkòórè,
*Ẹ wọ̀n ọ́n wò, kíndìn!*
Ọmọ tó gbélé kiri, ṣéwèé wà nínú ilé?
*Ẹ wọ̀n ọ́n wò, kíndìn!*

Lékeléke bi ògbufọ̀: “Kí ni wọ́n wí?” Ìjàpá ní, “Wọ́n ní ẹ ṣeun.” Ọmọ náà tún orin dá, gbogbo ìjọ dìde. “Kí ni wọ́n wí?” “Wọ́n ní ẹ ṣeun gan-an ni.” Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Ẹfọ̀n alága gbàgbé ara rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ń gbe orin. Ìjàpá ní, “Wọ́n ní ká bá wọn kí ìyá yín nílé.”

Àgbébọ̀ tó ń wọ̀n ọmọ wẹ́wẹ́ kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Ẹni bá mọ Ìmẹ̀sí-Ilé mọ̀ pé ibẹ̀ ni Dókítà David Morley, ará ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti dá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á sàmì sórí káàdì, ìyá á sì mú káàdì náà lọ sílé. Àgbébọ̀ túmọ̀ orin náà bó ṣe rí, ó wá kọjú sí ìgbìmọ̀: “Ọmọ ìjòyè, ọmọ ẹlẹ́mu, ìwọ̀n kan ni a fi ń wọ̀n wọ́n. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń wà, kò sí lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lórí ìwé ìdánwò. Kí ẹni tó lọ́mọ níbẹ̀ jáde nínú ìgbìmọ̀.”

Gbogbo wọn ló jáde. Ìgbín nìkan ló kù, òun náà ń lọ, kò tíì kan ilẹ̀kùn ni. Wọ́n ní láti lọ yá olùkọ́ ní igbó Òkè-Ìmẹ̀sí kí wọ́n tó rí ẹni tí yóò máàkì ìwé.

Ọmọ Òkété ló lọ sí Ifẹ̀. Ìjàpá kọ ìwé ẹ̀hónú, ó ní nọ́ńbà tí wọ́n fún ọmọ òun kì í ṣe nọ́ńbà oríire. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń ru ilé kiri dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ óò jókòó yan ọmọ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ máàkì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó ṣe àdúrà ìparí.