Kóòdù Dà?

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ẹlòmíràn, orí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo ló dá lé. Ó kan Ajá, ó kan Ọ̀bọ atẹ̀wé, ó sì kan gbogbo ẹranko tó ń gbé Ṣómólú àti Bàrígà.

Ní ayé ìgbà kan, tí kì í ṣe ayé àtijọ́ rárá nítorí fóònù ti dé, Ìjàpá ń gbé Bàrígà létí ọ̀sà, láàárín àwọn Ìlàjẹ apẹja. Ọjọ́ kan ló ṣàdédé rí owó. Ẹ má bi mí níbi tó ti rí i, ọ̀rọ̀ ìbò ni. Ló bá kọjá ọ̀nà márosẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Charly Boy, tí ìjọba ìbílẹ̀ ní kí á máa pè ní Baddo láti ọdún 2025, ó ra ilé sí Gbàgádà láàárín Erin, Ẹfọ̀n àti Ẹkùn.

Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí wọ́n jí àgbá gáàsì Erin gbé. Ìjàpá pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin ọlọ́lá, ibi tí mo ti wá, mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Olè ni wọ́n!”

Àwọn ẹran ńlá pàtẹ́wọ́. Ẹni tó tinú wọn wá ló ń sọ ọ́, ẹ̀rí wo ló tún kù? Wọ́n fi Ìjàpá ṣe alága, wọ́n dáwó, wọ́n ri géètì onírin mọ́ ẹnu títì. Títì yẹn sì ni àwọn ará Bàrígà ń gbà lọ sí ọsibítù ìjọba ní Gbàgádà. Aboyún tó ń rọbí wá di ẹni tí ń yí àdúgbò po kó tó rí nọ́ọ̀sì.

Lékeléke àgbà tó bà sórí wáyà iná bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láyé òyìnbó, wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n fa omi gba ibẹ̀, wọ́n pè é ní MacGregor Canal. Omi yẹn ló ya Ìkòyí tí òyìnbó ń gbé kúrò lára erékùṣù Èkó. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ojú mi kòró ni katakátá ìjọba ṣe wó àdúgbò Marókò. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n parí afárá Third Mainland tó gba ẹ̀bá Bàrígà kọjá: ọ̀nà ń là fún ọlọ́kọ̀, ilé ń wó mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ lójú. Ẹ lọ wo ibi tí Marókò wà tẹ́lẹ̀ lónìí, mẹ́gáàdì lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà.”

Ẹyẹ tí kì í san owó àdúgbò, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀?

Ewúrẹ́ ló ń fọṣọ fún Erin. Àgbébọ̀ ló ń tọ́jú àwọn ọmọ Ẹkùn, ẹ wo iṣẹ́ tí ebi fi ń lọni! Ajá ló ń ṣọ́ géètì. Bàrígà ni gbogbo wọn ti ń wá láràárọ̀. Ìjàpá pàṣẹ pé kí wọ́n máa so káàdì mọ́rùn, kí wọ́n sì máa tú báàgì wọn wò nírọ̀lẹ́. Ajá tí ń tú báàgì pàápàá, wọ́n ń tú tirẹ̀.

Ṣómólú ni wọ́n ti tẹ káàdì náà àti sítíkà ọkọ̀, lọ́dọ̀ Ọ̀bọ, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ti í sinmi àfi tí wọ́n bá mú iná lọ. Ọ̀bọ tẹ ti Ìjàpá, ó tẹ ìyókù fún ara rẹ̀. Kí oṣù tó parí, sítíkà Gbàgádà ti di ọjà lójú títì. Inú bí Ìjàpá, ó fi kóòdù rọ́pò rẹ̀, èyí tí ń yí padà lórí fóònù lójoojúmọ́. Ó wá kọ́ Ajá lésì kan ṣoṣo, ó ní kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́, kódà bó jẹ́ ọba ló dúró níta.

Olè ò kúkú kú. Ó wo géètì Gbàgádà, ó padà sí Bàrígà níbi tí kò ti sí géètì. Ni àdúgbò Àgùntàn bá dáwó, wọ́n ri tiwọn. Àdúgbò Ẹlẹ́dẹ̀ náà ri tiwọn. Ibi tó dùn mí jù nínú àlọ́ yìí rè é: Ewúrẹ́ tí wọ́n ń tú báàgì rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ní Gbàgádà ló ń di kọ́kọ́rọ́ mú lálẹ́ ní Bàrígà, tó ń fimú béèrè lọ́wọ́ Eku pé, “Ìwọ, ta lò ń wá?”

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Ìjàpá lọ sóde àríyá ní Ṣómólú. Ó jẹ, ó mu, fóònù rẹ̀ kú. Ehoro ọlọ́kadà tí ì bá gbé e wálé kò sí lójú títì mọ́. Ìjọba ti fòfin dè wọ́n ní Ṣómólú láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Ìjàpá sì wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́ sí i. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu géètì. Ọ̀gànjọ́ ti lù. Ó fi orin sẹ́nu:

Ajá o, Ajá o, ṣílẹ̀kùn fún mi,
*Kóòdù dà?*
Alága yín ni mo dé o,
*Kóòdù dà?*
Owó mi wà nínú irin yìí,
*Kóòdù dà?*
Yánníbo ń retí mi o,
*Kóòdù dà?*
Fóònù ti kú, ẹsẹ̀ ń ro mí,
*Kóòdù dà?*

Ajá mọ̀ ọ́n. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó. Ó ní, “Alága, ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.” Owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì jẹ Ajá.

Ìjàpá ṣẹ́rí padà sí Bàrígà, ó fẹ́ sùn nílé ìyá rẹ̀. Ewúrẹ́ yọjú láàárín irin. “Bàbá, ta lẹ ń wá? Ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ fún wa pé Ìkòyí ni wọ́n bí yín sí?” Àdúgbò dé àdúgbò, orin kan náà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ ọn sí.

Láàárọ̀, tòun ti iyanrìn lẹ́yìn, ó pe ìpàdé. Gbogbo wọn rò pé yóò ní kí wọ́n wó géètì. Ó ní rárá o, ilẹ̀kùn kékeré kan ni kí wọ́n lu sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ alága nìkan. Erin ní bí ti alága bá wà, tòun náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹkùn fẹ́ méjì. Wọ́n bá fi owó kún owó àdúgbò, wọ́n ní kí Àgbébọ̀ sáré lọ bá Ọ̀bọ ní Ṣómólú kó bá wọn tẹ rìsíìtì tuntun.

Wọ́n tú báàgì rẹ̀ kó tó jáde.